Kí Ló Dé Tó Fi Sá?

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgàngàn, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu gbogbo wa tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Bí ìbọn bá ti dún lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ìmígíréṣọ̀n ló yìn ín, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Kí ló dé tó fi sá?" Àwọn tó kù á mi orí. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. A ti gbà pé ẹni tó bá sá ti jẹ̀bi, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ohun tó bá bá a, àti pé ẹni tí ìjọba fún ní ìbọn ti gba àṣẹ láti yìn ín.

Irọ́ ni. Irọ́ náà ń pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, à ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, Igbó-Ọrà ni mò ń lọ. Àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba ti na igi dí ojú ọ̀nà. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ wọn níbí. Ọlọ́kadà kan wà níwájú wa, ó gbé ọmọkùnrin kan tó gbé àpò kọ́ èjìká. Èèkù ọkọ́ méjì yọ lẹ́nu àpò náà. Àgbàro ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń dáko lágbègbè wa mọ irú wọn: ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìdàáṣà, láti ilẹ̀ Benin, tó wá bá wa ro oko ẹ̀gúsí àti oko gbágùúdá, tí yóò gba owó rẹ̀ tí yóò sì padà sílé. Bí wọ́n ṣe ní kí ọlọ́kadà dúró ni ọmọ náà fò sílẹ̀, ó kọrí sígbó. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣubú. Ọta ìbọn ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá nísàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn tó yìnbọn wò ó láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ti ń di í ló ń bi í pé, "Kí ló dé tó o fi sá, ọmọ mi?" Ọmọ náà gbọ́ ohun tó sọ, Yorùbá ni òun náà ń sọ nílé wọn, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò lè dáhùn. A tú àpò rẹ̀ wò. Ọkọ́ méjì, ẹ̀wù kan, gààrí nínú ọ̀rá.

Èmi ni mo fẹ́ bá a dáhùn ìbéèrè ìyá yẹn.

Lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígàngàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ta ni kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Ìbàràpá pé bó o bá rí ẹni tó gbé ìbọn, má dúró bi í léèrè ẹni tó jẹ́, sá? A fi ẹnu wa kọ́ wọn ní eré sísá. Ẹnu kan náà la fi ń sọ pé ẹni tó sá ti jẹ̀bi. Ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ti kú ń sá. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, tó mọ̀ pé wọ́n máa béèrè owó lọ́wọ́ òun, ń sá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń jágbe mọ́ ọn ń sá. Àgbàlagbà tí kò jí abẹ́rẹ́ rí ń sá, nítorí pé ẹsẹ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ orí bí ẹ̀rù bá ti dé.

Ká tilẹ̀ ní onífàyàwọ́ gidi ni. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwa Yorùbá fún iṣẹ́ náà: ẹni tó ń fi àyà wọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rí òun. Ẹni tó ń sá pamọ́ ni orúkọ náà ń sọ, kò sọ pé ó ń gbógun. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ní kí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó bá rú òfin náà, kí wọ́n gba ẹrù rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, kí adájọ́ dá a lẹ́jọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ni wọ́n ní, wọn ò dárúkọ ọrùn. Kò sí ibi kankan nínú òfin ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ikú ni ìyà ẹni tó gbé àpò ìrẹsì, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ikú ni ìyà ẹni tí kò ní ìwé ìrìnnà. Bí adájọ́ tó jókòó, tó gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, kò bá lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ikú, báwo ni ẹni tó dúró lábẹ́ igi kaṣú lójú ọ̀nà yóò ṣe dá a láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan?

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú wa yóò sọ. Wọn á ní abala 33 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà kí agbófinró lo agbára bí ó bá fẹ́ mú ẹni tó ṣẹ̀, tàbí kí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé lábẹ́ òfin má baà sá lọ. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé èèyàn lè lo agbára láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, láti dáàbò bo ohun ìní, tàbí láti paná rúkèrúdò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gbogbo ìyẹn, òun ni àwọn èèyàn máa ń fò. Òfin ní agbára náà kò gbọdọ̀ ju èyí tó tọ́, tó sì di dandan lọ. Níbo ni dandan wà nínú yíyìnbọn lu ẹni tó kọ ẹ̀yìn síni, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo? Ẹni tó ju àpò rẹ̀ sílẹ̀ tó sá, ohun ìní ta ni wọ́n ń dáàbò bò? Àpò ọ̀hún ti wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

N kò sọ pé kí aṣọ́bodè káwọ́ gbera. Àwọn onífàyàwọ́ kan wà tí wọ́n ń gbé ìbọn, wọ́n sì ti pa aṣọ́bodè, ọmọ ẹni tí ìyàwó àti ọmọ ń retí nílé. Ẹni tí wọ́n yìnbọn sí lè yìn ín padà, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ìyàtọ̀ tí mò ń sọ wà láàrin ẹni tó ń bọ̀ wá pani àti ẹni tó ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ní ọdún 1990, ní ìlú Havana, ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí ìlànà tó kan gbogbo agbófinró. Wọ́n ní kí agbófinró kọ́kọ́ lo ọ̀nà tí kò ní ipá nínú. Bí ìbọn bá máa wọ̀ ọ́, kí ó sọ ẹni tí òun jẹ́, kí ó kìlọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni náà ráyè gbọ́ ìkìlọ̀. Kó má mọ̀ọ́mọ̀ yìn ín láti pani àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá láti gba ẹ̀mí là. Bí ẹnikẹ́ni bá fara gbọgbẹ́, kí wọ́n tètè wá ìtọ́jú fún un, kí wọ́n sọ fún ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wọn. Mo ń rántí ìborùn ìyá yẹn bí mo ti ń kọ èyí. Gbogbo iṣẹ́ tí ìlànà náà gbé lé agbófinró lọ́wọ́, ìyá ọlọ́jà ló ṣe é, aṣọ orí rẹ̀ ló sì fi ṣe é.

Àwọn mìíràn á ní, "Àjèjì ni, kò níwèé, ẹ̀tọ́ wo ló ní níbí?" Ẹ mú ìwé òfin kan náà, ẹ ṣí i. Níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri ilẹ̀ yìí, ní abala 41, ọmọ Nàìjíríà ló dárúkọ. Ní abala 33, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀mí, kò dárúkọ ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo èèyàn ló sọ. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sì yan èyí tí wọ́n fẹ́. Láti ọdún 1979, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar, ọmọ Benin tó ní ìwé ìrìnnà lè wọ ibí, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá a padà sílé rẹ̀. Tàbí ṣé àjèjì gan-an ni Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu jẹ́ sí wa? Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sọ́dọ̀ ara wọn, tí wọ́n fa ìlà, tí Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Kò sí Alákétu níbi tí wọ́n ti fà á.

Àwa náà ti jẹ́ àjèjì rí. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹjìgbò léèrè ohun tí wọ́n rí ní Gánà lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó kúrò nílùú. Ní 1983 ni ìjọba Shagari ṣe tiwa fún àwọn ará Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Semira Adamu, nítorí ọmọ tiwa ni. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ Nàìjíríà, tó sá lọ sí Belgium nítorí pé wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò fẹ́. Òun náà sá, ẹ kíyè sí i. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, àwọn ọlọ́pàá gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú ní Brussels láti dá a padà. Ó ń pariwo, wọ́n bá tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí, wọn kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó kú lọ́jọ́ náà. Kò pé ọdún kan sí i, lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, Marcus Omofuma, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, kú nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Vienna lọ sí Sofia. Àwọn ọlọ́pàá Austria ti dè é mọ́ àga, wọ́n ti fi téèpù dí ẹnu rẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Belgium, Louis Tobback, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ikú Semira, ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì sì dá àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́bi níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún wọn kò mú wọn wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí nínú wa á bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó máa bèèrè pé kí ló dé tí Semira fi pariwo. Kí ló wá dé tí ojú wa fi gbẹ fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà Igbó-Ọrà?

Ìbọn tí wọ́n yìn sí ẹni tó ń sá kì í sì í mọ ẹni tó ń sá nìkan. Lásìkò ọdún ìtúnu-ààwẹ̀ ọdún 2021, ní Ìṣẹ́yìn tí kò jìnnà sí wa, aṣọ́bodè àti àwọn onífàyàwọ́ kojú ara wọn láàrin ìlú, ìbọn dún, èèyàn kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ní Jibia ní ìpínlẹ̀ Katsina, ọkọ̀ aṣọ́bodè tó ń lé onífàyàwọ́ já wọ àárín èrò, ó pa àwọn tí kò gbé nǹkan kan. Mọ́tò náà ohun ìjà ni, bí wọ́n bá fi ń lé èèyàn nínú ọjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibodè lóṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí wọ́n fi ṣí i ní ìparí 2020 ni eré-àléjá yìí ti di ohun ojoojúmọ́ lọ́nà tiwa.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá tún ṣojú yín, ẹ gbé ẹni tó gbọgbẹ́ lọ sílé ìwòsàn ná. Ẹ kọ nọ́mbà ọkọ̀ wọn, orúkọ àyà aṣọ wọn, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ ṣa èèpo ọta ìbọn bí ẹ bá rí i, ẹ fi ọ̀rá wé e. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà ní Ìbàdàn, àwọn tó ń gba ẹjọ́ tálákà rò láìgba owó náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2009, ìlànà ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti jẹ́ kí ẹlòmíràn lè gbé ẹjọ́ lọ fún ẹni tí wọ́n ṣe ní aburú, kò sì sí iye ọdún tí ẹjọ́ náà fi ń pẹ́ jù.

Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Mo ti kọ ohun tí mo rí, mo sì ti fọwọ́ sí i. Mo ń wá ìyá tó tú ìborùn rẹ̀. Bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ tiyín.