Páìpù ńlá kọ́ ló ń dá mọ́tò dúró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ páìpù bíréèkì ni mo bá wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ní Manchester ra Ìjàpá 1972. Ẹ mọ Ìjàpá, Volkswagen tí bàbá gbogbo wa gùn, tàbí tí wọ́n ní àwọn gùn. Mọ́tò náà dáa lójú, àmọ́ bíréèkì ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kó tó mú. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé páìpù ara ẹ̀ ló tóóró jù, pé kí wọ́n yọ 3/16 ínṣì, kí wọ́n fi 1/4 sí i, agbára á pọ̀ sí i. Wọ́n ti rà á o. Wọ́n bi mí pé, "Dókítà, kí lo rí sí i?" Mi ò tíì di dókítà, ọdún kẹta ni mo wà, àmọ́ bí nǹkan olómi ṣe ń rìn nínú ọ̀pá tóóró ni iṣẹ́ ìwádìí mi. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mo ní kí wọ́n dá a padà.

Agbára bíréèkì kì í ti ibi páìpù wá. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ti ọ́ìlì yẹn le tó ló ṣe máa le dé ìdí táyà, ì báà jẹ́ páìpù tóóró tàbí gbọ̀ngbọ̀n. Pascal ti sọ èyí kí mọ́tò kankan tó dáyé. Ibi tí agbára ti ń yí padà ni master cylinder àti písítìn ìdí táyà. Ẹ yọ master cylinder 3/4 ínṣì, ẹ fi ti 1 ínṣì sí i: ẹsẹ̀ kan náà á fún yín ní nǹkan bí ìdá 56 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn máa jà lé lórí nìyẹn.

Páìpù 1/4 wà lára àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Ti Ìjàpá jẹ́ mílímítà 4.75, ìyẹn 3/16, òun náà ló wà lára MGB. Inú 1/4 ń gba ọ́ìlì tó ju ìlọ́po méjì lọ, afẹ́fẹ́ sì máa ń lúgọ síbẹ̀ nígbà téèyàn bá ń fa á jáde. Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló sì ń mú bíréèkì rọ̀!

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n tà mọ́ ọn. M10 ni ojú ihò Ìjàpá. Nọ́ọ̀tì 3/8 UNF ti mọ́tò òyìnbó ilẹ̀ yìí máa wọ inú ẹ̀, á ṣe bí ẹni pé ó ti le. Lọ́jọ́ tí ọmọdé bá sáré já sí títì, tí ẹ fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, ó lè fò yọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó lẹ́yìn mọ́tò yẹn. Kò sì sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò: láti oṣù karùn-ún 2018, mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò yí padà púpọ̀, kò nílò MOT mọ́ ní Britain.

Nílé, mo ti rí mẹkáníìkì tó fi pláyà tẹ páìpù tó ń jò pa, tó ní ó máa gbé wa délé. Ó gbé wa délé lóòótọ́. Mo ṣì ń bínú sí i.

Dírọ́ọ̀mù ló wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ìjàpá yìí, ọwọ́ la fi ń sún brake shoe ẹ̀ mọ́ ọn bó bá ti ń jẹ. Tí wọn ò bá sún un, bíréèkì á máa lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sikúrúdiráífà àti ìrọ̀lẹ́ kan péré! Lẹ́yìn ìyẹn la máa fa afẹ́fẹ́, ká wo àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà. Tí páìpù bá ti dípẹtà, nítorí iyọ̀ títì ìgbà òtútù ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, a máa fi 4.75 míì sí i, kọ́pà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe kọ́pà lásán tí jìgìjìgì lè mú sán.

Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu páìpù bíi ti Jámánì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi, mo máa dá a padà lọ́jọ́ Ajé.