Èéfín Náà Ni Ó Pa Wọ́n: Ẹ Gbé Ẹrù Ẹ̀rí Kúrò Lórí Opó

Gbogbo àgbẹ̀ tí ó ti dáná sungbó rí ni ó mọ̀ pé iná a máa kú tán, kí èéfín tó kúrò láyà ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún panápaná, àfi pé èéfín ike, rọ́bà àti ọ̀dà ni tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, panápaná 343 ni ó kú ní New York nígbà tí ilé gogoro méjì wó. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹsàn-án, 2023, àwọn panápaná ìlú kan náà tí àìsàn eruku ibẹ̀ ti pa ti pé 343 pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ sì wà nínú àwọn àìsàn náà. Ta ni yóò sọ pé ikú ti ìṣáájú níyì ju ti ìkẹyìn lọ?

Láti 1976 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin tí ń sanwó fún ẹbí panápaná tí ó fara pa kú lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè fi ogún ọdún pamọ́ kí ó tó yọjú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, opó ni a ń bi pé: iná wo ni, ọjọ́ wo sì ni? Ìbéèrè tí kò lè ní ìdáhùn ni èyí. Ní 2022, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí jẹjẹrẹ kéde pé iṣẹ́ panápaná fúnra rẹ̀ ń fa àrùn náà. Iyèméjì ti tán.

Nílé wa níhìn-ín, òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 gbà pé àrùn iṣẹ́ yẹ fún ẹ̀san. A ń fẹ́ kí ìjọba sọ ọ́ gbangba pé panápaná tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí jẹjẹrẹ irú èyí sì pa á, iṣẹ́ ni ó pa á. Ẹni tí kò bá gbà ni kí ó wá mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe opó.

Àwọn kan yóò wí pé owó ìjọba yóò tán. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ẹni tí ó bá rán an wọ inú iná kò gbọdọ̀ ṣahun sí àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì bi àwọn aṣojú yín léèrè.