Bí A Ti Ń So Ògiri Tuntun Mọ́ Ti Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ ń dàgbà, àlejò ń pọ̀, baálé a ní kí a fi iyàrá kan kún ilé lẹ́yìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́ ni wàhálà máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ilé amọ̀ ni bàbá wa fi sílẹ̀. Mo mú birikilà wá, ó to búlọ́ọ̀kù ti ògiri amọ̀ náà, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ń dán bí dígí. Òjò ọdún kejì ni ó tú wa láṣìírí. Ojú ibẹ̀ lanu tó ìka ọwọ́, omi gbabẹ̀ wọlé, ẹní ìyá àgbà tutù rinrin. Mo ń bú birikilà, àṣé èmi ni mo ní kí ó yára!

Ohun tí ó fà á nìyí. Ilé àtijọ́ ti rì tó bí yóò ti rì láti ọjọ́ pípẹ́. Ti tuntun kò tí ì jókòó; bí ẹrù bá ti gorí rẹ̀, yóò máa rì díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun dé ilẹ̀ líle. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ìsàlẹ̀ ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri tí a gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ lè wó pa ènìyàn.

Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ ha sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ kúrò. Birikilà lè gbẹ́ ihò sí i, ní ìlà kan, kí ó fo ìlà kan, kí orí búlọ́ọ̀kù tuntun wọnú rẹ̀ bí eyín. Ẹlòmíràn a fi ọ̀pá irin gún ògiri àtijọ́, a sì tẹ́ ìyókù irin náà sínú sìmẹ́ńtì láàárín búlọ́ọ̀kù tuntun. Èyí ni mo fẹ́ràn, nítorí kì í mi ògiri púpọ̀. Ẹ bomi rin ín kí ẹ tó mọ ọ́n. Kí ẹ tó rẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì àgò adìẹ mọ́ ọn.

Ti ilé amọ̀ ńkọ́? Ẹ má so wọ́n pọ̀ rárá. Sìmẹ́ńtì kì í di amọ̀ mú pẹ́. Kí ògiri tuntun dá dúró, kí àlàfo ìdajì íńṣì, bíi mìlímítà 12, wà láàárín wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo àlàfo náà, kí ẹ kàn án mọ́ apá kan ṣoṣo, kí apá kejì lè rìn. Kí páànù òrùlé sì bò ó dáadáa, nítorí omi ni ọ̀tá amọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tún tiwa ṣe. Ìyá àgbà ti padà sí iyàrá rẹ̀; ó kàn ní pákó náà kò dùn ún wò ni.