Ẹ Fi Gìtá Ọmọ Náà Sílẹ̀

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí mo wà nílé ní Ajara, àbúrò mi kan tan jẹnẹrétọ̀, ó so gìtá rẹ̀ mọ́ áńpù, ó yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀. Orin náà ò pé ìṣẹ́jú méjì. Hardcore punk ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: rọ́ọ̀kì tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tí gìtá rẹ̀ ń kùn bí oyin tí wọ́n fi igi gún nílé, tí akọrin rẹ̀ kì í kọrin, igbe ló ń ké. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìkejì tí ìyá aládùúgbò wa fi yọjú lórí fẹ́ǹsì.

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Orin àwọn òyìnbó tí orí wọn yí lo wá ń lù fún wa yìí?"

"Ẹ má bínú, mà." Ó pa áńpù. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Bùrọ̀dá, ṣé ẹni tiwa kankan tiẹ̀ ti ṣe irú ẹ̀ rí? Àbí òyìnbó ni mò ń fara wé lóòótọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ náà kọ́ ló bí mi nínú o. Àwa tá a jẹ́ kó di ohun tó ń béèrè ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òyìnbó. Gìtá tí King Sunny Adé gbé kọ́rùn, ṣé igi ìrókò Oǹdó ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Àyìndé Bákàrè ti so gìtá jùjú mọ́ iná láti 1949, a ò sì gbọ́ pé ẹnì kan ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Tí gìtá bá ń yin olówó lóde àríyá, tiwa ni. Tó bá ti ń bínú, ó di ti òyìnbó. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Wọ́n á ní ariwo ni. Ẹ lọ wo ìyá ìlù dùndún dáadáa. Kí ni ṣaworo ń ṣe létí awọ rẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ohùn tó mọ́ gaara nìkan làwọn baba wa fẹ́, wọn ì bá má so ó mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí nǹkan máa dún wìnrìnwìnrìn pẹ̀lú ohùn ìlù ni. Ẹ̀rọ fuzz tí onírọ́ọ̀kì ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí gìtá fi ń há, iṣẹ́ rẹ̀ ò jìnnà sí ti ṣaworo: ó ń da yanrìn sínú ohùn tó dán jù. Ní ti igbe, ará Ajara wo ni kò gbọ́ ohùn Zangbeto lóru rí? Ohùn yẹn kì í ṣe ti kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá aládùúgbò wa ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, n kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ní orí Zangbeto yí.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè àbúrò mi ni: bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tiwa ti ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Berkley Jones. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí èmi gan-an tó mọ orúkọ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Èkó ni Berkley ti lu gìtá. Ó ti wà nínú The Clusters kó tó di pé òun àti Laolu Akins tó ń lu ìlù bá Ginger Baker, onílù Cream láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Salt. Ní 1972 kan náà ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú Mike Gbenga Odumosu, tó ń lu gìtá báàsì, dá BLO sílẹ̀. Lẹ́tà kan fún ẹnì kan: Berkley, Laolu, Odumosu. Ènìyàn mẹ́ta péré. Chapter One jáde lọ́wọ́ EMI ní 1973. Ẹ lọ gbọ́ ọ. Kì í ṣe hardcore, hardcore ò tíì dáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n gìtá Berkley inú rẹ̀ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á rọra máa rìn, á tún fò sókè, á wá máa sunkún. Lọ́dún kan náà ni Ofege gbé Try and Love jáde, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's sì ni wọ́n, irú ẹgbẹ́ àbúrò mi yìí gan-an.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé rọ́ọ̀kì ò bá wa tan, mo ní ìbéèrè kan fún un. Lọ́dún 1989, nígbà tí Ace ti Shina Peters mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jó, ta ló ṣe àbójútó rẹ̀ ní stúdíò? Laolu Akins ni. Onílù BLO. Orin tí wọ́n fi ń ná owó lóde ìnáwó bàbá yín, etí onírọ́ọ̀kì ló tò ó.

Ẹ tún wo apá ibi tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn Orchestre Poly-Rythmo máa ń ti Kútọnu wá gba orin sílẹ̀ ní stúdíò EMI ní Èkó. Wọ́n ń da ìlù vodun bíi sato, tí àwa ará Àgbádárìgì mọ̀ bí ẹni mowó, pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì àti fọ́ǹkì. Papillon ni wọ́n ń pe onígìtá wọn. Àgbádárìgì wà láàárín Kútọnu àti Èkó, síbẹ̀ a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Hardcore fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní Washington, ọmọ adúláwọ̀ mẹ́rin tó ń lu jáàsì tẹ́lẹ̀ sọ ara wọn di Bad Brains, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu punk ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ń lù ú lọ, tí wọ́n tún ń kọ régè láàárín rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1980. Àwọn ọmọ òyìnbó bíi Ian MacKaye ti Minor Threat ń wò wọ́n kọ́ṣẹ́ ni. Gary Miller ni onígìtá wọn, Dr. Know lorúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀ ní 2015, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáwó fún ìtọ́jú rẹ̀, ó sì yè é. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ta ni yóò dáwó fún ẹni tí kò mọ̀?

Ibí gan-an ni bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe. Nínú dátábéèsì, ohun tí a ò bá lààyè fún, kò sí nìyẹn. Ṣí áàpù orin orí fóònù rẹ, wá orin àtijọ́ kan láti Nàìjíríà: wàá rí orúkọ ẹgbẹ́, wàá rí ọdún, tó sì lè jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ ni wọ́n kọ. Ta ló lu gìtá? Lọ́pọ̀ ìgbà, òfìfo. Ọmọ tó bá wá baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀ tí kò rí i, á gbà pé òun ò ní.

Àwọn tó lọ kó rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí jọ? Soundway ní Lọ́ńdọ̀nù gbé Nigeria Rock Special jáde ní 2008. Now-Again ní Amẹ́ríkà gbé Wake Up You! jáde ní 2016, ọmọ tiwa kan, Uchenna Ikonne, ló kọ ìtàn inú rẹ̀. Mi ò bá wọn jà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó yani lẹ́nu? Òyìnbó ló ń ra gìtá Berkley Jones lówó iyebíye, àwa là ń sọ fún ọmọ Ajara pé òyìnbó ló ń fara wé.

Mo mọ èyí tó kù tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: rọ́ọ̀kì ò lówó lórí. Òótọ́ ni. BLO fúnra wọn yí sí fọ́ǹkì àti dísíkò nígbà tí etí ìlú yí. Ìjálá náà ò lówó lórí, ṣé ẹ ti wá sọ ọ́ di ti òyìnbó ni?

Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ yí i padà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó lù ú sí. Ẹ kọ ọ́ sórí Wikipedia Yorùbá, ẹnikẹ́ni ló lè kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé Chapter One sí etí àbúrò mi. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Ó ní kí n tún un gbé. Nígbà tó di ọ̀la, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó so áńpù, ìyá aládùúgbò wa sì tún yọjú lórí fẹ́ǹsì. Mo mú fóònù mi dání, mo lọ kí wọn: "Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BLO?"

Wọ́n wò mí títí. "BLO ti Èkó?"