Bàtà Alùpùpù: Ìtọ́jú Rẹ̀ Jẹ́ Tiwa, Owó Rẹ̀ Kì í Ṣe Tiwa



Àwọn ọ̀gá ti lẹ ìwé kan mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Wọ́n ní àwa tí à ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ń ba búùtù jẹ́ nípa àìbìkítà, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ owó òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé náà. Kò sí ibi tí ó ti mẹ́nu kan òjò. Kò sì sí ibi tí ó ti sọ pé ẹyọ bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ènìyàn lọ́dún.

Wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀: wọ́n ní bàtà òsì ló máa ń kọ́kọ́ họ. Ẹni tí ó bá ti gun alùpùpù rí yóò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ òsì kọ́ ni jíà wà ni? Ẹni tí ó ń jíṣẹ́ láti Àpápá dé Ìkẹjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fi orí ẹsẹ̀ gbé irin jíà sókè láìmọye ìgbà kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú kan náà ni irin náà sì ń họ lára awọ. Iṣẹ́ ló họ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ṣúmékà rán awọ kejì lé ibẹ̀. Kò wọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa títí di òní, kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti máa bu owó ìtanràn lára owó iṣẹ́ ènìyàn. Bí ó bá sọ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan òun jẹ́, tàbí pé ó bà á jẹ́ nípa àìbìkítà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́físà ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kí ó tó yọ kọ́bọ̀ kan. Bákan náà, Àdéhùn 155 ti Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní 1994, sọ ní abala 21 pé ètò ààbò lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ná òṣìṣẹ́ ní ohunkóhun. Bàtà tí ń gba ọrùn-ẹsẹ̀ lọ́wọ́ sáílẹ́ńsà gbígbóná àti ọ̀dà títì, ààbò ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: àìbìkítà. Kò ṣèèṣì bọ́ sínú ìwé wọn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí òfin ṣí sílẹ̀ fún wọn nìyẹn, àwọn kan nínú wa ló sì ń di ilẹ̀kùn náà mú kí wọ́n lè wọlé.

Mo ń rí wọn. Bí òjò bá pa ẹlòmíràn wọlé, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni yóò gbé búùtù lé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti gan bí pańla, ó wá ń pariwo pé gbàǹjo ni wọ́n rà fún òun. Awọ ẹran ni, ọ̀rẹ́ mi. Òróró wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ kí ó rọ̀. Iná fa omi, ó fa òróró pẹ̀lú, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká ni yóò sì ti sán. Gọ́ọ̀mù tí ó di àtẹ́lẹ̀ mú náà yóò dẹ̀. Ẹlòmíràn, epo ẹ́ńjìnnì ta sí tirẹ̀, ó bu bẹntiróòlù ó fi nù ún. Bẹntiróòlù yóò fọ òróró inú awọ kúrò, yóò sì jẹ gọ́ọ̀mù. Òmíràn rì í sínú garawa omi Omo mọ́jú bí ẹni rẹ ẹ̀wà! Ti ẹni tí ó fi búùtù sílé de òde ọjọ́ Àìkú, tí ó ń fi sílípáàsì gun alùpùpù wá síbi iṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Àkísà tútù ni kí o fi nu ẹrẹ̀ kúrò. Bí epo bá wà níbẹ̀, fi ọṣẹ díẹ̀ sí àkísà náà. Wo àtẹ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni bíréèkì ẹ̀yìn wà, àtẹ́lẹ̀ tí epo kùn yóò yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù. Bí ó bá tutù, yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ki ìwé ìròyìn àtijọ́ bọ̀ ọ́, máa pààrọ̀ ìwé náà bí ó bá ti ń rin, kí o gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ìgbà tí ó bá gbẹ tán ni kí o tó kùn ún ní pọ́líìṣì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o sì rí i pé ó dé ojú ìrán, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Òwú tí ó bá já, gbé e tọ ṣúmékà lọ lọ́jọ́ náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti padà di ti àwọn ọ̀gá. Búùtù tí òjò pa wọ inú kì í gbẹ mọ́jú, bí kò bá ṣe pé a yá a níná. Ẹyọ kan ni wọ́n fún wa, aago méje àárọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ rí wa lórí alùpùpù. Kí wá ni kí ènìyàn wọ̀? Bàtà méjì-méjì ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè, kí ọ̀kan máa gbẹ bí èkejì ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú pọ́líìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì ní sítọ́ọ̀, àti ìṣẹ́jú 15 nínú àkókò iṣẹ́ láti fi tọ́jú wọn. Ẹni tí kò fún wa ní agolo pọ́líìṣì kan, ẹnu wo ni yóò fi pè wá ní aláìbìkítà?

Ẹ̀yin ti ìdí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oní-alùpùpù lásán ni. Bí wọ́n bá yọ owó bàtà lónìí, ti ìbọ̀wọ́ àti akoto ló kàn.

Ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé ìyọwó fún, kí ó má fọwọ́ sí i. Kí ó mú ìwé náà àti bàtà rẹ̀ méjèèjì tọ̀ mí wá kí ìpàdé ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀: bàtà tí a ti nù, tí a ti kùn, tí jíà sì ti họ ní apá òsì.