Ẹ Fi Tòmátò Sílẹ̀, Ẹ Gbin Ẹ̀wà

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn lẹ́yìnkùlé, tòmátò ló máa ń kọ́kọ́ rò. Tòmátò rèé, alákẹ́jù ni: omi kékeré kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, omi púpọ̀ a sì mú un rà. Kí ó tó pọ́n, ewé rẹ̀ ti rọ, olóko tuntun á ní òun kò gbin nǹkan mọ́ láyé. Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Torí pé Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà ọjà ti ń wá, a ti gbà pé ilẹ̀ Yorùbá kò gbà á. Ó gbà á dáadáa.

Àsìkò nìkan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣì. Èyí tí a bá gbìn lákọ̀ọ́rọ̀ òjò á hù, á sì gbilẹ̀, àmọ́ àárín òjò ló máa gbó sí, orí igi níbẹ̀ ló sì máa bu. Ẹ dúró de àrọ̀kúrò. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án á gbó láàárín ọjọ́ 60 sí 80, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ fi hóró méjì sínú ihò tí kò jìn ju oríkèé ìka kan lọ, kí ihò sí ihò tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lu ìdí àpò ìrẹsì, kó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn jà ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yùríà. Wọ́n á dà á sí ẹ̀wà bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ewé á dúdú minijọ, òdòdó ò ní yọ. Ẹ̀wà ń wá oúnjẹ tó wà nínú yùríà fúnra rẹ̀. Bó bá ti ń mú òdòdó wá, ẹ hú ẹyọ kan, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀: ẹ máa rí kókó róbótó-róbótó lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ wá fún un.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ìdin tó ń lu òdòdó àti èso. Àwọn onímọ̀ ní Zaria ti ṣe irú kan, SAMPEA 20-T, tí ìdin náà kò lè bàjẹ́. Oko ẹ̀yìnkùlé kò nílò ìyẹn: ẹ máa yẹ òdòdó wò láàárọ̀, kí ẹ ṣa ìdin dànù. Àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀mùnú, omi tó tú jáde pẹ̀lú agbára á gbá wọn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́ lórí igi lẹ́yìn tó bá gbẹ, torí oko gan-an ni kòkòrò inú ẹ̀wà ti ń yé ẹyin sára èèpo rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀wà náà kúrò nínú èèpo, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn apakòkòrò ota-piapia kọ́ ni kí ẹ fi pa á mọ́. Oúnjẹ ẹnu ọmọ yín ni. Ẹ rọ ẹ̀wà náà sínú ike omi tó ti gbẹ, kó kún dé ọrùn, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ inú ike tán, á sì kú. Ẹni tí iná rẹ̀ ò kì í lọ lè lo fíríìsà.