Adènà Kan, Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹni tí ó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì kan ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé èsì ìdánwò síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, ojú òpó a máa dákú. Oníbàárà yóò tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣí. Ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ.

Kí ni ó fà á? Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ọwọ́ kan kò sì gbé igbá dé orí.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a ní kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí a fi adènà síwájú wọn. Adènà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní reverse proxy. Òun ni oníbàárà ń bá pàdé. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn, tí ó sì ń gbé èsì padà.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ni nginx. Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní 2002, ó sì gbé e jáde ní 2004. Bí ẹ kò bá pa àṣẹ mìíràn fún un, yóò máa pín iṣẹ́ káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ní kí ó fún èyí tí ó lágbára ní púpọ̀, tàbí kí ó wo èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kéré jù. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò dáhùn, yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ó tó tún dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Bí oníbàárà bá kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kìíní, tí adènà wá rán an sí èkejì, apẹ̀rẹ̀ lè di òfìfo. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa kọ àkọsílẹ̀ sí ibì kan náà. Èkejì, bí adènà fúnra rẹ̀ bá ṣubú, ọjà tú nìyẹn, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó ní adènà méjì.

Ẹ bi ẹni tí ń bá yín tọ́jú ojú òpó yín léèrè pé: kọ̀ǹpútà mélòó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Kí ọjọ́ ọjà tó pé ni kí ẹ bi í. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.